Àwọn Òdòdó Ẹ̀yìn

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè tí Varban bi Bistra nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbẹ́gi tuntun wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó mú bébà tí Bistra ya òdòdó sí, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó yí i padà, ó ń wo ẹ̀yìn bébà náà bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọ nù. Funfun báláú lẹ̀yìn bébà.

"Àǹtí Bistra, ẹ wò ó. Òdòdó yín lójú, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò lẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, ara gíláàsì là ń lẹ iṣẹ́ yín mọ́, kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn. Igi ni ẹ̀rọ yìí ń gbẹ́. Igi a máa ní ẹ̀yìn."

Bistra kò tètè dáhùn. Kì í tètè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó gba bébà náà padà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án títí kò fi sí ibi tó ká kò lára rẹ̀ mọ́, ó wá ní:

"N ó wá ẹ̀yìn fún un."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ni ẹ̀yìn náà wà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún wá ibi tí yóò jókòó sí. Bó bá ń mu kọfí, á gbé ife náà sókè wo ìdí rẹ̀. Bó bá wọ bọ́ọ̀sì, gìgísẹ̀ àwọn tó ń gòkè níwájú rẹ̀ ló ń wò. Ó dà bíi pé gbogbo ohun tó wà láyé ti lẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún òun.

Ohun pẹlẹbẹ ló ti ń yà láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́bàá odò Rositsa nígbà náà tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ tábìlì. Kò gba ìwé ẹ̀rí kankan lọ síbẹ̀. Wọ́n gbà á láti máa gbálẹ̀ yàrá àwọn ayàwòrán ni. Ó ń gbálẹ̀, ó ń wo ọwọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé pẹ́ńsù fún un. Bébà onígun kéékèèké ni wọ́n ń lò, igun kọ̀ọ̀kan dúró fún ojú abẹ́rẹ́ kan. Ìdajì àwòrán nìkan ni wọ́n sì máa ń yà. Bí wọ́n bá yà á tán, wọ́n á mú dígí ìwojú kékeré kan, wọ́n á nà án ró sí etí àwòrán náà, ìdajì yòókù á sì yọ sínú dígí. Bí òdòdó méjì bá wà lápá ọ̀tún, tí dígí sì gba àárín òdòdó kẹta kọjá, márùn-ún ni wọn yóò rí. Òdòdó àárín tí dígí ń là sí méjì yẹn ni Bistra máa ń kọ́kọ́ yà, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí òdòdó pé ní méjìméjì. Ní Sevlievo, ìlú wọn, òdòdó méjìméjì tí kò ní àṣẹ́kù, itẹ́ òkú ni wọ́n ń gbé e lọ. Alààyè ń gba ẹyọ kan, ó ń gba mẹ́ta, ó ń gba márùn-ún. Ọmọ tí kò tíì mọ okùn bàtà í so mọ èyí.

Dígí yẹn kò já a kulẹ̀ rí títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé.

Lẹ́yìn náà, Bistra wà nílé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sọ́mọ. Ó ń wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ ni, ó ń palẹ̀ ilé tó mọ́ mọ́, ó ń to ṣíbí tó ti tò. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kún. Zlatina ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ilé alájà kan náà, tó gbé kọ̀ǹpútà dání bí ẹni gbé ọmọ tó sùn lọ.

"Gbà á kí n tó jù ú sílẹ̀. Ọmọ mi fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Spéènì. Ó ń gba àyè mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Ya òdòdó. Kí lo tún mọ̀ ọ́n ṣe?"

Bistra kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi máòsì fa ilà, bí wọ́n ṣe ń tẹ ilà náà kó rọ̀, bí wọ́n ṣe ń sé e kó di òdòdó. Kò mọ̀ pé Zlatina ti lọ bá Varban tó ń ṣe pátákó ìpolówó, tó sọ fún un pé bí kò bá gba ọ̀rẹ́ òun síṣẹ́, òun kò ní ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́, òun á sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ìyàwó Varban ló tú àṣírí náà fún Bistra lẹ́yìn ọdún kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Bistra kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sílé, ó se jáàmù.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó gbé jáàmù fún Zlatina, ó hun súwẹ́tà fún un, ó bá a kun ògiri ilé ìdáná. Zlatina ń gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí Bistra bá bi í bóyá ó ti tó, á jan ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ta ló ń ka gbèsè?"

"Èmi ni."

"Ó dáa, máa kà á lọ. Ìwọ nìkan lo wà nídìí ẹ̀."

Bistra kì í ṣe ẹni tó lè jẹ gbèsè kó sùn. Ó fẹ́ kí Zlatina bẹ òun níṣẹ́ kan, ẹyọ kan péré, iṣẹ́ gidi, kí òun ṣe é dáadáa, kí ó tán. Zlatina kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Ọdún ń gorí ọdún.

Àfi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, tí ẹ̀rọ agbẹ́gi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ìbéèrè Varban ṣì ń ta Bistra lára bí ẹ̀wù onírun. Zlatina kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án, ó ká épírọ̀nù ìyá rẹ̀ mọ́ abíyá. Òdòdó karanfil márùn-ún ló wà níwájú épírọ̀nù náà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́, òwú pupa lórí dúdú.

"Denitsa ń lọ sílé ọkọ nínú oṣù kẹsàn-án," ó ní. Denitsa ni ọmọ-ọmọ rẹ̀. "O máa bá mi mú òdòdó yìí kúrò lára aṣọ."

"Kí n tú òwú rẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kó dìde dúró ni. Igi. Mo fẹ́ kó wà láàárín tábìlì ńlá. Àwọn ará Tarnovo tó ń fẹ́ ọmọ wa á jókòó lápá kan, àwa á jókòó lápá kejì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ pé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí òun. Ojú méjèèjì kó dára bákan náà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Denitsa á gbé e lọ sílé rẹ̀, á máa bẹ níbẹ̀."

Bistra tẹ́ épírọ̀nù náà sórí itan. Ó fi ìka kan òdòdó àárín.

"Bí mo bá ṣe é, a ti parí?"

Zlatina gbójú sókè sí àjà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún sùúrù. "Bí o bá ṣe é, Bistra, a ti parí. Kí n lè sinmi lọ́wọ́ jáàmù rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kíkọ́kọ́ fa ilà òdòdó náà sórí kọ̀ǹpútà kò le. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ètò tuntun tí Varban rà mọ́ ẹ̀rọ náà ló le. Ó ní bọ́tìnì kan tí í fa àwòrán yọ síwájú bí ẹni fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Bistra tẹ̀ ẹ́. Òdòdó náà nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Varban tó ń kọjá yọjú.

"Àǹtí, bísíkíìtì lẹ ṣe. Ṣúgà ló kù."

Ó wá bọ́tìnì tí í bó etí nǹkan kó lè rọ̀. Òdòdó náà di ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ títí ó fẹ́ tán. Ó wá òmíràn tí í mú ilà kan, tí í fi yí ọ̀pá po bí ẹni mọ ìkòkò. Ó fa ìdajì òdòdó, ó yí i po.

"Àlùbọ́sà," Varban ní.

"Mo rí i."

"Mi ò sọ pé kò dáa o. A lè tà á fún àwọn alátẹ."

"Varban, ṣé o ò níṣẹ́ ni?"

Ó lọ, ó ń fọn fèrè lẹ́nu. Bistra pa àlùbọ́sà rẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò wà níbì kan. Ó ń bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè, ó ń dìde lọ wo ẹ̀rọ agbẹ́gi bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń padà. Lálẹ́, bó bá dijú, àwọn òdòdó pẹlẹbẹ náà á máa yí níwájú rẹ̀, bó bá sì kù díẹ̀ kí ẹ̀yìn wọn yọ, wọ́n á di ilà tín-ín-rín, wọ́n á pòórá.

Orí bákónì rẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ó ní karanfil nínú agolo níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó ń bomi rin ín, inú bí i sí i, ó já ọ̀kan. Ó tú u ní ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí irin bákónì. Kò sí èyí tó nípọn níbẹ̀. Pẹlẹbẹ ni gbogbo wọn, bíi bébà, bí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń yà. Kìkì pé èyí fẹ̀yìn ti èyí, èyí sì ti tẹ̀ síta díẹ̀ nítorí pé òmíràn ń tì í láti inú. Bistra dúró níbẹ̀ títí omi fi kún agolo, tó dà sí àjà ìsàlẹ̀, tí ẹnì kan sì pariwo sókè pé ṣé òjò ni.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gé àwòrán épírọ̀nù náà sí wẹ́wẹ́, ewé òdòdó kan lẹ́yìn òmíràn. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìnípọn díẹ̀, ó bó etí rẹ̀, ó fi wọ́n ti ara wọn, ó tẹ orí òdòdó kọ̀ọ̀kan síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí àlejò. Nígbà tó yí i lójú kọ̀ǹpútà, ó rí òjìji nínú ihò òdòdó náà. Varban yọjú, ó fa àga, ó jókòó wò ó.

Ẹ̀yìn ló kù. Àwọn òdòdó márààrún tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn wọn, igi lásán ni. Bistra ń wá inú ètò náà kiri, ó sì rí bọ́tìnì kan tí wọ́n ya dígí sí. Àyà rẹ̀ fúyẹ́ bí ìgbà téèyàn pàdé ará ilé ní ìdálẹ̀. Dígí! Kò rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó nà á ró sí ẹ̀yìn àwọn òdòdó náà, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn sì jáde, òun àti iwájú jọra bí ìbejì. Ó wò ó níwájú: òdòdó márùn-ún. Ó yí i: òdòdó márùn-ún. Bó ṣe wà lára épírọ̀nù gẹ́lẹ́.

Igi lípà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà gbẹ́ ìdajì iwájú, ó gbẹ́ ìdajì ẹ̀yìn, Varban fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó fi irin dè wọ́n títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ. Bistra fi sáńpépà họ ọ́, ó fi ìda pa á. Ìkòkò kékeré kan nísàlẹ̀, ọ̀pá òdòdó tó fẹ̀ jáde nínú rẹ̀ sí ìhín sí ọ̀hún, orí wọn tẹ̀ síwájú, orí wọn tẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí Zlatina rí i, ó gbá a mọ́ àyà. Ó gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Ó yẹ kí Bistra sùn lóru ọjọ́ náà. Kò sùn. Nǹkan kan ń họ ọ́ nínú, kò mọ ohun tó jẹ́. Ó ka iṣẹ́ náà lórí láti ìbẹ̀rẹ̀: etí wà, ìnípọn wà, òjìji wà, ẹ̀yìn wà. Ọ̀la ni ìgbéyàwó, ilẹ̀ sì mọ́ kó tó mọ̀.

Nítorí kó lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, ó gbé tàtàṣé tó ti sun kalẹ̀, ó ń bó wọn, ó ń tò wọ́n sínú ìgò. Wọ́n dúró gírígírí mọ́ ara gíláàsì, pupa roro. Ó mú àkísà, ó ń nu ìgò náà. Ó yí i kó lè nu òdìkejì.

Tàtàṣé mìíràn wà níbẹ̀.

Dájúdájú, ó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀. Òun ló kó wọn sí i. Ṣùgbọ́n láti iwájú kò rí wọn, kò sì kà wọ́n. Bistra gbé ìgò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó lọ tan kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, ó ṣí ẹ̀dà àwòrán náà tó ti kó wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó yí i, kì í ṣe síwájú, kì í ṣe sẹ́yìn, ó yí i kó lè máa wò ó láti òkè bí ẹyẹ. Láti òkè, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Orí òdòdó nìkan ló wà, tí wọ́n yí ìkòkò ká. Ó fi ìka kàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Mẹ́wàá.

Ní ilé iṣẹ́ aṣọ tábìlì, àárín òdòdó ni dígí máa ń gbà kọjá, èyí tó là sí méjì á sì di ọ̀kan padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn òdòdó ló nà án ró sí. Kò sí èyí tó là. Gbogbo wọn ló sọ di méjìméjì. Òdòdó òkú ló gbé fún ọmọ-ọmọ Zlatina láti gbé wọ ilé ọkọ.

Ó sá jáde bó ṣe wà, pẹ̀lú sáńpépà àti àbẹ́là kan nínú àpò.

Gbogbo èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ̀ngàn dá. Tsona alásè nìkan ló wà lẹ́yìn, ó ń fa banitsa jáde nínú ààrò, páì oníwàràkàṣì tó wú bí ìrọ̀rí. Zlatina náà ti yọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kó lè wá wo oúnjẹ. Ó rí Bistra lẹ́nu ọ̀nà.

"Yéè! Ẹ wo aṣọ ọrùn ẹ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ nìyẹn?"

"Tàtàṣé ni. Zlatina, wá ka òdòdó yìí."

"Mo ti kà á. Márùn-ún."

"Kà á yípo."

Zlatina bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí tábìlì po, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka kà. Ẹ̀rín náà kò yípo dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú.

"Bistra. Ìgbéyàwó ni mo pè ọ́ sí. Ta ló kú?"

"Dígí ni mo lò. Mi ò kà á láti òkè."

"Dígí! Stamena ń bọ̀ o! Ìyá àgbà ọkọ ìyàwó! Obìnrin yẹn kì í kí èèyàn kó tó ka òdòdó ọwọ́ wọn. Á gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ padà sí Tarnovo lọ́nà tó gbà wá." Ó di tábìlì mú. "Jẹ́ ká sún un mọ́ ògiri."

"Denitsa á gbé e sún mọ́ ògiri títí láyé?"

Tsona ti jáde wá, ó ń nu ọwọ́. Òun náà kà á, ó súfèé. "Kí lẹ ń da ara yín láàmú fún? Ẹ fi òdòdó gidi kan há a láàárín. Ó di mọ́kànlá."

"Á rọ tó bá dalẹ́," Bistra dáhùn. "Tó bá rọ, wọ́n á yọ ọ́ sọ nù. Mẹ́wàá ló kù nílé ìyàwó." Ó ti ń bọ́ súwẹ́tà rẹ̀. "Màá gé ọ̀kan kúrò. Tsona, fún mi ní ọ̀bẹ."

"Ọ̀bẹ wo? Mo ní ti ẹran, mo ní ti búrẹ́dì."

"Èyí tó léyín."

Wọ́n gbé òdòdó náà wọ ilé ìdáná. Zlatina di ìkòkò rẹ̀ mú bí ẹni di orí ọmọ mú níwájú onígbàjámọ̀. Bistra wo àwọn òdòdó náà yíká, ó fẹ́ mọ èyí tí yóò lọ. Ó fọwọ́ kan èyí tó rẹlẹ̀ jù lẹ́yìn.

"Ti apá wa?" Zlatina ní. "Kí ló ṣe apá àwọn ará Tarnovo?"

"Àwọn ni àlejò."

"Àlejò! Wọ́n ń gba ọmọ mi, wọ́n tún ń gba òdòdó mi."

Bistra bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ọrùn òdòdó náà. Igi lípà rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ búrẹ́dì kì í ṣe ayùn. Ó ń yọ̀, ó ń fò. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó ha ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bistra pa ẹnu mọ́, ó ń rẹ́ ẹ lọ. Ìyẹ̀fun igi ń bọ́ sílẹ̀.

"Banitsa mi o!" Tsona fi àyà bo àwo náà. "Ẹ yí i sí ọ̀hún! Àwọn èèyàn á sọ pé ilé pákó ni mo ti ń sè."

"Wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," Zlatina ní.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Wọ́n ti so yìgì. Ọwọ́ Bistra kò yára ju bó ṣe wà lọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń yára. Zlatina ń jó lójú kan, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń wo ọ̀bẹ. "Bistra, jọ̀ọ́. Bistra, o ò rí i pé wọ́n ń bọ̀ ni?" Lójijì, òdòdó náà já, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí wọ abẹ́ ààrò lọ. Bistra fi sáńpépà họ ojú ibẹ̀, ó họ ewé tó ha, ó fi àbẹ́là pa á. Ibẹ̀ funfun ju ara yòókù lọ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é.

Bí wọ́n ṣe gbé e padà sórí tábìlì ni ìyàwó fi ẹsẹ̀ ta ìkòkò omi dànù lẹ́nu ọ̀nà bí àṣà wọn, tí gbogbo èèyàn hó yèè, tí àwọn àlejò sì ń wọlé.

Stamena kò jókòó. Obìnrin kékeré kan ni, aṣọ dúdú, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó yí tábìlì náà po, ètè rẹ̀ ń mì. Zlatina dúró ti Bistra, ó di apá rẹ̀ mú, èékánná rẹ̀ wọ ọ́ lára. Stamena kà á tán, ó padà sẹ́yìn, ó na ìka sí ojú funfun náà.

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

Zlatina la ẹnu. Bistra ṣáájú rẹ̀.

"Òdòdó kan ni, Màmá. Èmi ni mo gé e."

"Nígbà wo?"

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí."

"Èéṣe?"

"Nítorí pé mo ti kà á."

Stamena wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo aṣọ rẹ̀ tó dọ̀tí, ó wo ìyẹ̀fun igi nínú irun rẹ̀.

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó tèmi," ó ní, "kò sẹ́ni tó kà á." Ó lọ jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ọtí rakiya wá fún òun.

Àwọn olórin bẹ̀rẹ̀. Zlatina fa Bistra sí kọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n kó aṣọ òtútù sí, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ó parí! Bistra, ọ̀rẹ́ mi, a ti parí. O gbọ́? Kọ̀ǹpútà, Varban, gbogbo ẹ̀. O ò jẹ mí ní nǹkan kan mọ́."

Bistra ń fi èékánná yọ ìda kúrò ní ìka rẹ̀.

"Mẹ́wàá ni mo gbé wá fún ọ."

"Mẹ́sàn-án ló wà lórí tábìlì!"

"Ọ̀bẹ Tsona ló sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Ewé kan ti ha. Ojú kan funfun lápá tìrẹ. O ní kí ojú méjèèjì dára bákan náà."

"Ta ló ń wò ó?"

"Èmi ń wò ó."

Zlatina dẹ́kun ẹ̀rín. Ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni obìnrin yìí ń ṣe.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n tún bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ mìíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wàá pa mí. Kí Ọlọ́run gbọ́, obìnrin yìí á pa mí." Wọ́n ń pè é láti inú gbọ̀ngàn pé kó wá ṣáájú ijó. Ó ti yí padà, ó tún dúró, ó bojú wẹ̀yìn. "Ó dáa. O ṣì jẹ mí ní gbèsè. Ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Bistra rò ó wò, nítorí kì í dáhùn láìrò ó.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀," ó ní.

Zlatina lọ jó. Denitsa gbé àwọn òdòdó náà lọ sí Tarnovo lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, Bistra ti fi ẹ̀yìn sí ohun púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Varban, ẹyẹ, èso àjàrà, orúkọ ilé, láti òkè ló sì máa ń kọ́kọ́ wò wọ́n. Zlatina kò tíì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kankan. Bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, Bistra á bi í bóyá nǹkan wà. Zlatina á ní kò sí o, kó má yọ òun lẹ́nu. Bistra ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.